Jabalí Ti Dé, Ẹ Yà Lọ́nà!

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè Sípéènì lóde òní, inú igbó ló ń gbà wọ̀ ọ́. Wọn kì í bèèrè bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, wọn kì í bèèrè bí aláìsàn ṣe ń sọ fún dókítà pé inú ń run òun. Ìmàdò ni wọ́n ń wá. Kí ni wọ́n ń pe ìmàdò? Jabalí! Ó parí. Ẹni tó bá ti mọ jabalí ti di ọ̀mọ̀wé, kò tún sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n á gbé àwòrán ẹran náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ jabalí gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ á máa kígbe: "Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn Lárúbáwá ni àwọn ará Sípéènì gan-an ti gba ọ̀rọ̀ yìí; ohun tó túmọ̀ sí níbẹ̀ kò ju "ti orí òkè" lọ. Ẹ má sọ fún wọn o, kí wọ́n má baà ní àwọn ti gbọ́ èdè méjì.

Àwọn tó ga ju ìmàdò lọ ti wà lórí murciélago, ìyẹn àdán, tí kò ṣeku tí kò ṣẹyẹ. Kí o tó jókòó, wọ́n á ti sọ fún ọ pé fáwẹ̀lì márààrún ló pé sínú rẹ̀. Òótọ́ ni. A ti gbọ́. Bóyá àdán ló máa wá pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú.

Orúkọ ẹranko kì í sì í dúró sójú kan. Ọ̀mọ̀wé wa ti há a sórí pé león ni kìnnìún. Ó wá pàdé àgbẹ̀ kan ní ìgbèríko Chile, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ Sípéènì ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ náà ní león pa òun lágùntàn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni yóò kéde fáyé pé kìnnìún wà ní Chile, nígbà tó jẹ́ puma, ẹranko igbó kan tó dà bí ológbò ńlá, ni àgbẹ̀ ń sọ, nítorí león làwọn ará oko ibẹ̀ ń pè é. Ìyẹn ṣì sàn. Zorro ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó sì ti gbọ́ pé tó bá jẹ́ abo, o ìparí á di a. Ló bá rí obìnrin kan tí orí rẹ̀ pé, ó fẹ́ yìn ín, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní zorra ni. Abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá pe obìnrin bẹ́ẹ̀, aṣẹ́wó ni wọ́n pè é. Bó bá gba ìgbátí, kó yára bèèrè ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn náà.

Òwìwí aláwọ̀ ewé Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè lórí fóònù, tí Luis von Ahn ọmọ Guatemala àti Severin Hacker ṣí fáyé ní 2012, kò kúkú sùn. Ó ń pè wọ́n lójoojúmọ́ kí iye ọjọ́ tí wọ́n ti fi kẹ́kọ̀ọ́ léraléra má baà já, wọn kì í sì í jẹ́ kó já. Ìyàtọ̀ ser sí estar ni wọn ò ráyè fún, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tí èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ jìnnà láìkan ọ̀kan nínú wọn: ser fún irú ẹni téèyàn jẹ́, estar fún ipò téèyàn wà. Ọ̀rọ̀ ìṣe ò nírù, kò níwo, ta ló máa gbé àwòrán rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó ń ka ẹranko igbó bí ẹni ka ìka ọwọ́ rẹ̀ fi jókòó láàárín àwọn tó ni èdè, tí ọ̀rọ̀ wọn ò yé e, tó wá fẹ́ sọ pé ìjókòó náà ti sú òun. Estoy aburrido, láti ara estar, ni kó sọ. Soy aburrido, láti ara ser, ló sọ: èèyàn tó máa ń súni ni òun. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.