Ómù kọ́ìlì tí kò dúró sójú kan: ẹ̀rọ ni àbí kọ́ìlì?

Kúnlé: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo lọ́ kọ́ìlì méjì tuntun, wáyà tó ń gbóná láti sọ oje di èéfín, sínú tánkì fépù mi, ìyẹn sìgá oníná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé e mọ́ ẹ̀rọ, ó ka 0.32 ómù, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dènà iná tó. Mo fà á díẹ̀, ó di 0.45. Mo tú tánkì, mo tún un dé, ó ní 0.29. Mi ò fọwọ́ kan wáyà rárá. Ta ló ń parọ́ fún mi?

Bísọ́lá: Ẹ̀rọ ni. Bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ti ń kú lọ. Lọ gba òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun: Bísọ́lá, má tíì dájọ́. Kúnlé, irú wáyà wo ni, báwo lo sì ṣe lọ́ ọ?

Kúnlé: Kanthal A1 ni, ẹ̀gbọ́n, 26 gauge. Mo lọ́ ọ yí igi 3 mm ká lẹ́ẹ̀mẹrin, kọ́ìlì méjèèjì bákan náà.

Tóyìn: Ó lè jẹ́ pé ó ti gbóná ni o. Wáyà tó bá gbóná, ómù ẹ̀ á ga.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun: Ti Ni200, wáyà níkẹ́ẹ̀lì, nìyẹn, Tóyìn. Bí Ni200 bá fi nǹkan bí 200°C gbóná ju ti tẹ́lẹ̀, ómù ẹ̀ lè ju ìlọ́po méjì lọ. SS316, irin tí kì í dípẹtà, náà máa ń gòkè, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Kanthal ò rí bẹ́ẹ̀ rárá: títí dé 1000°C, kò fi ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. 0.29 á di 0.30, kò lè di 0.45 láéláé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Wáyà 26 gauge fẹ̀ tó 0.4 mm, mítà kan Kanthal A1 bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ bí ómù 11.5. Ìlọ́ mẹ́rin lórí igi 3 mm, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, gba bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ìyẹn fún kọ́ìlì kan ní 0.58. Méjì tí a so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á pín in sí méjì: 0.29. Nítorí náà, 0.29 ló tọ̀nà. Àwọn tó kù ló ní àfikún lórí.

Ohun tó bá dọ̀tí, tàbí tí kò fún dáadáa, fífi kún ló máa ń fi kún ómù. Kì í dín in kù.

Bísọ́lá: Tí ómù bá já wálẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Èmi ti rí i tó já wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun: Ìyẹn ló yẹ kó dẹ́rù bani. Tó bá wálẹ̀ ju bí ìṣirò ṣe wí, wò ó bóyá ẹsẹ̀ wáyà ń kan ara tánkì, tàbí rọ́bà tó ya píìnì àárín kúrò lára irin ti yọ́. Má tẹ bọ́tìnì kankan títí wàá fi rí i.

Tóyìn: Kúnlé, ṣáà fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọ̀n ọ́n, kó o mọ òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun: Mítà lásán ò dára fún ohun tó kéré báyìí. Wáyà ọwọ́ mítà fúnra ẹ̀ lè ní 0.2 ómù. Kọ́kọ́ fi orí méjèèjì kan ara wọn, kó o yọ iye tó bá gbé jáde kúrò nínú ohun tó o bá wọ̀n.

Bísọ́lá: Tàbí kó kàn gbé e sórí mẹ́kì, ẹ̀rọ fépù tí kò ní bọ́ọ̀dù, tí kò nílò kíka kankan.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun: Rárá o, Bísọ́lá! Mẹ́kì ò ní ohunkóhun tó máa gé iná. Bí kọ́ìlì bá ń kan irin, tó wá di 0.1 ómù, bátìrì 4.2 fóòtì á fẹ́ tú áńpíà 42 jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ bátìrì 18650 tí à ń lò nínú fépù ò lè gbé e láìléwu. Mi ò gba èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bísọ́lá: Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kó fi tánkì mìíràn dán ẹ̀rọ náà wò. Tí òun náà bá ń yí, bọ́ọ̀dù ni mo sọ.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun: Èyí bọ́gbọ́n mu gan-an. Kúnlé, ṣe é. Lẹ́yìn náà, fi òwú tó o rẹ sínú sípíríìtì nu ojú 510, ibi tí tánkì ti ń wọ ẹ̀rọ, àti ìdí tánkì, kó o jẹ́ kí wọ́n gbẹ.

Kúnlé: Mo ti ṣe é. Tánkì mìíràn dúró ṣinṣin ní 0.60, kò yẹ̀. Nígbà tí mo nu ìdí tèmi, òwú náà jáde pẹ̀lú oje dúdú tó ti le bíi ọ̀dà yí píìnì àárín ká. Ní báyìí mo ń gbọn ẹ̀rọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, 0.29 ló ń kà. Mo tún tú u, mo tún un dé, 0.29 kan náà ni.

Tóyìn: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà á lọ yẹ ti tèmi wò.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun: Kúnlé, lẹ́yìn tó o bá ti tan kọ́ìlì yẹn fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ kó tutù pátápátá, kó o tún skúrù rẹ̀ fún díẹ̀. Ooru máa ń jẹ́ kí wáyà rẹlẹ̀ lábẹ́ skúrù. Má fún un jù, á gé ẹsẹ̀ wáyà. Tútù ni kó o ti wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo.