“Àrùn ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni”: irọ́ ni o

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Tánkẹ̀, rédíò dẹ́rẹ́bà ń sọ̀rọ̀ ikọ́ ife lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Màmá kan tó jókòó tì mí pòṣé. Ó ní kí wọ́n máa wúkọ́ síra wọn lójú níbẹ̀, ògiri ti yí wọn ká, kí ló wá kàn wá? Dẹ́rẹ́bà ní, “Òótọ́ lẹ sọ, màmá.” Gbogbo ọkọ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wọ́dà ni mí. Mi ò lanu, torí èèyàn kì í bá ẹni tó tó ìyá ẹni fa ọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ n'Ílọrin. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ níbí.

Bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Omi gbígbóná ti wà nílẹ̀. Kákí rẹ̀ á wọnú bẹ́sìn, òun náà á wọ balùwẹ̀, kó tó gbé àbúrò mi mọ́ra. Ara yíyún ni màmá mi ń sá fún, torí ó ti wọlé wa rí, gbogbo wa la jọ ń họra bí ajá tí eégbọn bò. Ikọ́ ife ní tirẹ̀ kì í bá aṣọ wálé. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá wá, bẹ́sìn ò sì ràn án.

Ẹ bá mi ka àwọn tó ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrá tàbí ti Mándàlá tí wọ́n tún ń jáde: wọ́dà, lọ́yà, áfáà, pásítọ̀, ìyàwó tó gbé abọ́ oúnjẹ wá, àwọn tó ń gbé ìṣínu wá nígbà ààwẹ̀. Ká tiẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni adájọ́ ò tíì dá lẹ́bi. Black Maria ló ń kó wọn lọ sí kóòtù, wọ́n á fún pọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹja inú páálí. Adájọ́ lè ní kí ọ̀kan máa lọ sílé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà nínú mọ́tò Ọ̀fà. Ẹni tó fa kòkòrò ikọ́ ife símú lè má wúkọ́ fún ọdún gbọọrọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ewu rẹ̀ lẹ́wọ̀n tó ìlọ́po 10 ti ìta.

Àwọn ará London ti fojú winá irú èyí rí. Ní 1750, wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n láti Newgate wá sí kóòtù Old Bailey, ibà ẹ̀wọ̀n bá wọn wá. Ó pa olórí ìlú náà, ó pa adájọ́, àwọn tó kú lé ní 50. Wọ́n ní òórùn ẹlẹ́wọ̀n ló fà á, ni àwọn adájọ́ bá ń di ewé olóòórùn dídùn mọ́wọ́ wọ kóòtù. Ọdún 1909 ni Charles Nicolle, dókítà ará Faransé, tó fi hàn pé iná inú aṣọ, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ló ń gbé irú ibà yẹn kiri. Iná ò sì mọ adájọ́ yàtọ̀ sí olè.

Ẹlòmíì á ní kí wọ́n sáà ti géètì pa. Ẹ fi 60 èèyàn sí yàrá ẹni 20, ẹ wá ti ilẹ̀kùn: àrùn lẹ dé mọ́nú ìkòkò yẹn kó lè hó dáadáa. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wíwá orísun àrùn, ìwé àti bírò ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. Ta ló kọ́kọ́ ṣàìsàn? Yàrá wo ló ń sùn? Omi wo ló mu? Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú 20 èèyàn láti yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á lọ wo táńkì omi àti ilé ìdáná. Bó bá ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì díẹ̀díẹ̀, ara èèyàn ló ń gbà ràn. Ti ikọ́ ife, ibi géètì ló yẹ kí wọ́n ti mú un: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò kó tó bá ogunlọ́gọ̀ sùn. Kí wọ́n sì ṣí fèrèsé.

Ibi tí ìtọ́jú ikọ́ ife ti ń já, lójú tèmi, ni ọjọ́ ìtúsílẹ̀. Oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn náà. Ẹni tí kóòtù tú sílẹ̀ ní oṣù kejì, ara ti ń yá a, ikọ́ ti lọ, ta ló fẹ́ rántí oògùn? Bàbá mi rí ẹnì kan tó da tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ní òun ò fẹ́ ohunkóhun tó máa rán òun létí ibẹ̀. Kòkòrò tó ṣẹ́kù sí irú ara bẹ́ẹ̀ lè di èyí tí oògùn ò ràn mọ́, òun náà la sì máa jọ wọ bọ́ọ̀sì Tánkẹ̀.

Bí èèyàn yín bá ń jáde, ẹ bi í bóyá ó wà lórí oògùn. Ẹ gba káàdì rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife níbẹ̀.