Kò Sí Ohun Tí Wọ́n Ń Gé Lára Ṣéènì Aago

Sátidé tó kọjá, níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ wa kan, àbúrò ìyàwó mi wọ aago onírin tuntun kan wá. Aago náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Tó bá gbé ọwọ́ sókè láti lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, aago á sáré lọ bá ìgúnpá. Tó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, á padà wá kọ́ àtàǹpàkò. Mo ní kó yà sílé mi lọ́jọ́ kejì kí n bá a yọ díẹ̀ lára ṣéènì rẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì wá fi dá òkèlè àmàlà dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

“Àbúrò, má dán an wò o. Ta ló ń gé aago nílé? Irin tí wọ́n bá ti gé, ó ti gé nìyẹn, kì í so mọ́. Omi á sì máa wọnú ẹ̀. Gbé e lọ bá aláago.”

Gbogbo tábìlì mi orí. Àǹtí kan ní bí aago ọkọ òun ṣe kú nìyẹn gan-an. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jẹun.” Ibi ìsìnkú kọ́ ló yẹ kí n ti fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibí ni.

Ó ti sú mi. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí mo ti ń gbọ́ ọ, lẹ́nu àgbà, lẹ́nu ọmọdé, lẹ́nu àwọn tó ń tú ẹ̀rọ amúnáwá palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ọkùnrin tó lè pààrọ̀ puláàgì ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì, tí a bá sọ ọ̀rọ̀ píìnì aago tí kò tó igi ìṣáná fún un, jìnnìjìnnì á bò ó.

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ náà gan-an ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. A ní ká lọ “gé” ṣéènì. Gé! Télọ̀ ló ń gé nǹkan. Bó bá ti fi sísọ́ọ̀sì kọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ, tó sì kúrú jù, ẹkún ló kù. Ṣéènì aago kì í ṣe aṣọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ló jọ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ bá fẹjú jù, ìyá rẹ̀ á tú okùn, á yọ mélòó kan, á sì tún un sín. Bí ọmọ bá sanra, á dá àwọn tó yọ padà. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé wọ́n gé ìlẹ̀kẹ̀.

Bọ́ aago ọwọ́ rẹ báyìí, kí o dojú rẹ̀ délẹ̀. Wo inú ṣéènì náà, apá tó máa ń kan ara, nítòsí ibi tó ti ń ṣí. Lára ọ̀pọ̀ aago onírin, wàá rí ọfà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sára irin, oríkèé kan (ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn irin kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ di ṣéènì), ọfà kan. Tí òógùn àti ìdọ̀tí bá ti bò ó, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó nù ún, á yọjú. Ta ni wọ́n ya ọfà yẹn fún? Ẹni tó ṣe ṣéènì náà kò nílò rẹ̀. Ẹni tó máa tú u ni wọ́n yà á fún. Ohun tó ń sọ ni pé: ibí ni kí o ti píìnì jáde sí. Àwọn tó ṣe aago náà mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn kò dọ́gba, wọ́n ṣe ṣéènì náà gùn kó lè tó ọwọ́ tó tóbi, wọ́n wá fi àmì sí ara àwọn oríkèé tó ṣeé yọ. Àwọn tó sún mọ́ orí aago kì í sábà ní ọfà, torí wọn kì í ṣe ara àwọn tí wọ́n ní ká yọ. Èwo ló tún kù tí wọ́n fẹ́ sọ fún wa? Kí wọ́n kọ lẹ́tà ni?

Ohun tó so oríkèé kan mọ́ èkejì, píìnì ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ la ẹnu níbì kan bí ẹnu ẹ̀mú. Ibi tó là yẹn ló fẹ̀ díẹ̀, òun ló ń há mọ́ inú ihò. A ó tì í jáde sí ibi tí ọfà kọjú sí, oríkèé á bọ́, a ó da èyí tó kù pọ̀, a ó wá gba òdì ọfà dá píìnì padà, orí rẹ̀ tí kò là ni yóò ṣáájú, ẹnu tó là ni yóò wọlé kẹ́yìn. Ó tán. Bí o bá fẹ́ kó gùn padà lọ́dún tó ń bọ̀, wàá tì í jáde bákan náà, wàá fi oríkèé sí i. Irin kankan kò gé. Mo ti yọ oríkèé kan náà lára aago mi, mo sì ti dá a padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, torí ara mi kì í dúró sójú kan, mo máa ń rù nígbà ààwẹ̀, mo sì máa ń gba gbogbo rẹ̀ padà lóṣù Kejìlá.

Nígbà mìíràn gan-an, kò sí ìdí láti yọ oríkèé rárá. Wo ẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀kì tí o fi ń dé e. Bí o bá rí ihò wínníwínní mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò tẹ̀ lé ara wọn, píìnì onísípíríǹgì ló wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Fi ẹnu abẹ́rẹ́ tó lágbára tẹ̀ ẹ́, sún un sí ihò kejì, aago á fún tàbí kó dẹ̀ ní bíi mìlímítà 2 tàbí 3. Casio A158W, aago aláwọ̀ fàdákà onínọ́ńbà yẹn tó kún ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́, kò tilẹ̀ ní oríkèé tí à ń yọ: a máa fi sukudiráfà pẹlẹbẹ gbé ahọ́n kékeré tó wà lára lọ́ọ̀kì rẹ̀ sókè, lọ́ọ̀kì á máa rìn lórí ṣéènì, a ó dá a dúró síbi tó bá wù wá, a ó tẹ ahọ́n náà padà. Mo ti rí èèyàn tó sanwó kí wọ́n tó bá a “gé” irú aago yẹn. Kí ni wọ́n gé?

Ẹ̀gbọ́n á ní ti olówó iyebíye ńkọ́. Rolex tó ń ṣe aago tí owó rẹ̀ tó ra ilẹ̀ ní lọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ Glidelock. Ọwọ́ lásán ni ẹni tó ni ín fi ń sún un, mìlímítà 2, mìlímítà 2, títí dé nǹkan bíi mìlímítà 20. Tó bá jẹ́ èèwọ̀ ni kí onílé fọwọ́ kan ṣéènì, kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Kò yẹ kó gba àyè, ṣùgbọ́n òun ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Ẹ̀rọ aago wà nínú ilé rẹ̀, ìyẹn orí aago. Ṣéènì kò wọ inú ilé yẹn. Ìta ló dúró sí, ó so rọ̀ mọ́ etí méjì tó yọ lára orí aago bí yẹtí ṣe ń so mọ́ etí obìnrin. Ibi tí omi ń gbà wọlé ni ìdérí ẹ̀yìn, gíláàsì iwájú, àti kókó ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń yí ọwọ́ aago. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dí wọn. Ta ló sì ń ṣí ìdérí ẹ̀yìn? Ẹni tó ń pààrọ̀ bátìrì. Bí aago ọkọ àǹtí yẹn bá mu omi ní tòótọ́, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ibi píìnì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ aláago. Aago àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, mo gbé e lọ bá ọ̀kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn nítòsí ọjà. Ó gbé e lé orí irin, ó fi ìṣó àti hámà kọlù ú, gbà, gbà, gbà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo wọ̀ ọ́ lọ. Ilé ni mo dé kí n tó rí i pé ó ti fi ìṣó ya ẹ̀gbẹ́ ṣéènì náà ní ojú méjì. Mo fara dà á. Èyí tó dùn mí jù ni pé apá kan ṣoṣo ló ti yọ oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kí ó pín in sí apá méjèèjì kí lọ́ọ̀kì lè wà láàárín abẹ́ ọrùn ọwọ́. Tèmi yà sí ẹ̀gbẹ́, bí mo bá gbé ọwọ́ lé tábìlì láti tẹ kọ̀ǹpútà, lọ́ọ̀kì á máa gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Oríkèé mẹ́ta yẹn ńkọ́? Kò dá wọn padà, èmi náà kò sì mọ̀ pé tèmi ni. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà mo ti sanra, aago fún mi lọ́wọ́ bí ẹ̀wọ̀n, ọkùnrin náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí irin náà má so mọ́, ẹ̀gbọ́n. Wọn kò gé e. Wọ́n gbé e lọ ni.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ti bá ẹni tó mọ iṣẹ́ pàdé lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, tó da oríkèé sínú nylon kékeré fún mi kí n tó bèèrè.

Èmi náà kò mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ kan. Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò náání ọfà, mo ń ti píìnì láti òdì, abẹ́rẹ́ irinṣẹ́ mi tẹ̀ kọdọrọ. Irinṣẹ́ náà ni ìjókòó ike kékeré yẹn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó gbé ṣéènì sínú rẹ̀, a ó máa yí ìdí rẹ̀ bíi ti sukurúù, abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ á máa ti píìnì jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí i pẹ̀lẹ́, kí abẹ́rẹ́ náà dojú kọ ihò gan-an. Ìgbà kejì, mo dá píìnì padà láìtì í wọlé tán. Ọjọ́ kẹta, aago já bọ́ sínú agbada tí mo ti ń fọ àwo. Kò kú. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ṣe tán, màá fi èékánná tọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì wò. Bí mo bá ṣì ń mọ orí píìnì lára, kò tíì wọlé nìyẹn.

Ìgbà kẹta ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Seiko ni. Píìnì ọ̀pọ̀ Seiko kì í là lẹ́nu, inú ọ̀pá ihò kékeré kan tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní ló ti ń há. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Mo ti píìnì jáde, mo gbọ́ tín, ọ̀pá kékeré náà ti já bọ́, mi ò rí i. Kápẹ́ẹ̀tì wa aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo tan iná fóònù, mo fi ọwọ́ wá a fún bíi wákàtí kan, ìyàwó mi ń fò mí kọjá láti lọ mú omi. Bí a bá sọ ohun yẹn nù, píìnì náà kò ní há mọ́, àfi ká wá òmíràn. Abẹ́ ẹsẹ̀ àga ni mo ti rí i. Nísinsìnyí, orí àwo funfun ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà, àwo ìrẹsì lásán, mo sì ń lẹ téèpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ oríkèé kí irin má ya á.

Ẹ wọn ọwọ́ yín lọ́sàn-án, kì í ṣe ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ ti mú tútù. Ọwọ́ ń wú nínú ooru. Ó yẹ kí orí ọmọ ìka wọ àárín ṣéènì àti ara.

Mo gbà, èyí tó jẹ́ sukurúù ló so oríkèé rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ti owó ńlá, wọ́n máa ń fi gúlúù dè é, sukudiráfà tó bá yọ̀ lójú rẹ̀ á ha á. Bí ẹ kò bá ní sukudiráfà tó bá a mu rẹ́gí, ẹ gbé ìyẹn lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn náà, títú ni wọ́n ń tú u, wọn kì í gé e.

Àbúrò ìyàwó mi wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo yọ oríkèé méjì ní apá kan, mo ní kí òun náà yọ ẹyọ kan ní apá kejì. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n nígbà tí píìnì yọ orí jáde, ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé ó ti bàjẹ́?” Kò bàjẹ́. Ó dá píìnì padà fúnra rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ bí onílù, aago kò kúrò lójú kan. A da oríkèé mẹ́ta náà sínú nylon, ó kó o sápò. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n lórí WhatsApp.

Ó pẹ́ kó tó fèsì. “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ná.”