Kíráàkì Kọ́ Ni Òmìnira, Ẹ̀wù Àwọ̀yá Ni

Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí o. Sátidé tó kọjá, mo yà nídìí fẹ́ńdọ̀ ìkóríta wa láti ra ìwé ìròyìn, àwọn ẹgbẹ́ akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ ti pé síbẹ̀ bí ìṣe wọn, àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ látàárọ̀ dọ̀sán tí wọn ò ní ra ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ náírà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà, ó di ti ìbò, kò pẹ́ ó di ti àwọn òyìnbó tó ni gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù wa. Kọ́múréèdì kan báyìí, tí ohùn ẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo wọn lọ, ní ẹrú ni Amẹ́ríkà sọ wá dà, pé àfi kí Áfíríkà gba òmìnira sọ́fítíwíà tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi lọ́rọ̀ náà, èmi gan-an ti ń mi orí. Àfi bó ṣe ṣí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ láti fi nǹkan hàn wá tí mo sì rí i nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́tà aláwọ̀ eérú yẹn tó dúró gbagidi: "Activate Windows", ohun tí Windows, sọ́fítíwíà Amẹ́ríkà náà, fi ń sọ pé wọn ò tíì fi àṣẹ olóhun ṣí òun.

Ẹ̀wù àwọ̀yá kì í yẹni. Bí ò fúnni lápá, á ṣoni lẹ́sẹ̀. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Gbogbo wa la mọ ẹ̀wù yẹn, èyí tá a yá lọ sóde àríyá tí ẹni tó ni ín wá jókòó sí tábìlì kejì, tó ń ṣọ́ bóyá a máa ta ọbẹ̀ sí i.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò sọ pé mo mọ́ ju Kọ́múréèdì lọ. Èmi náà ti gbé ẹ̀rọ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà rí, tí ọmọkùnrin kan abẹ́ agbòjò ki fílàṣì bọ̀ ọ́, kí n tó mu píọ̀ wọ́tà tán gbogbo sọ́fítíwíà olówó ti wọlé láìsanwó fún ẹni tó ni ín. Kíráàkì ni wọ́n ń pè é, sọ́fítíwíà tí wọ́n já àgádágodo ẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni ká jí kọ́kọ́rọ́ ilé onílé, ká wá máa kéde fáráyé pé a ti di onílé.

Òyìnbó ló yẹ kó ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú, kò yẹ kó jẹ́ àwa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", ni wọ́n fi ń pe ohun tá ò sanwó fún, òun náà ni wọ́n tún fi ń pe ẹni tí ìdè ẹ̀ já, ìdí nìyẹn tí Richard Stallman, ẹni tó kéde iṣẹ́ GNU lọ́dún 1983 láti ṣe sọ́fítíwíà tó ní òmìnira, fi ń ṣàlàyé ohun kan náà títí ẹnu ẹ̀ fẹ́ẹ̀ bó. Àwa ńkọ́? Àwọn baba wa ti ya ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n ya òmìnira sọ́tọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún ò lè ṣì wọ́n gbọ́. Òmìnira tí ọkùnrin yẹn ń wí, mẹ́rin ni: kí n lo nǹkan náà bó ṣe wù mí, kí n tú u wò kí n sì tún un ṣe, kí n bù fún aládùúgbò mi, kí n bù fún un nínú èyí tí mo tún ṣe pẹ̀lú. Kò sówó ńbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ta téèpù Emacs, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé ẹ̀, ní 150 dọ́là lọ́dún 1985, ó sì fi jẹun. Kíráàkì ọwọ́ yín, èwo nínú mẹ́rin yẹn ló fún yín? Ẹ ò rí inú ẹ̀, ẹ ò lè tún un ṣe, bẹ́ ẹ bá sì bù fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ̀yin méjèèjì ti dolè nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ìdè ẹ̀ ni ò já.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì níṣẹ́ bánkì wá là á mọ́lẹ̀ pé kọ́múníìsì ni gbogbo ẹ̀, ta ló ń ṣiṣẹ́ tí ò ní gbowó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, bílíọ̀nù 34 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ IBM fi ra ilé-iṣẹ́ Red Hat lọ́dún 2019, orí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows àmọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, sì ni Red Hat ti ń jẹun, ìtọ́jú ẹ̀ ni wọ́n ń gbowó lé, bí mẹkáníìkì ṣe ń jẹun lára mọ́tò tí kì í ṣe òun ló rọ ọ́. Bàbá ò fèsì, wọ́n ṣí ìwé ìròyìn tí wọn ò rà sójú ewé kejì. Ẹlòmíì ní ṣebí ìlú Munich ní Jámánì náà gbìyànjú Linux láti 2003, tí ìgbìmọ̀ ìlú wá dìbò ní 2017 pé kí wọ́n padà sí Windows. Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn ẹ̀. Àmọ́ ní 2024, Schleswig-Holstein, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì yẹn náà, ní òun ń kó kọ̀ǹpútà bíi 30,000 lọ sórí LibreOffice, sọ́fítíwíà òmìnira tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n ń dán an wò, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Ìdí fẹ́ńdọ̀ làwa wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò ìyàwó mi tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́, kíráàkì ló ń lò, kì í ṣe pé ó burú tó bẹ́ẹ̀, dọ́là tó jẹ́ bíi 460 náírà kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀ lé e lóṣù kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 nígbà tó di 2024, dọ́là sì ni àwọn olóhun ń bù lé e. Ní alẹ́ Wẹ́sìdeé kan, ó ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan, ó lọ wa kíráàkì tuntun látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kòkòrò kọ̀ǹpútà sì bá a wọlé. Kó tó jí láàárọ̀, gbogbo fáìlì ẹ̀ ti yí orúkọ padà, lẹ́tà mẹ́rin tí ò nítumọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé kan wà níbẹ̀ tó ní kó san 980 dọ́là, bó bá san án láàárín wákàtí 72 wọ́n á gba ìdajì. Ó pè mí, "Bọ̀dá, ẹ gbà mí." Mo débẹ̀, a jọ ṣírò ẹ̀, 490 dọ́là, ó lé ní 700,000 náírà, owó iṣẹ́ ọ̀hún ò sì tó 200,000. Ẹ̀yìn ìwé tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ṣì wà lára ògiri, ìyá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè òfì, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa.

A ò sùn mọ́jú Fúráìdeè. À ń tẹ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, orin ìyìn, oríkì, ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, oorun sì ń kun wa, nìyá ẹni ọdún 87 bá di ẹni ọdún 78 sójú ìwé. Àkọ́bí wọn, bàbá ẹni ọdún 66, wá bi wá níbi òkú pé ṣé ọmọ ọdún méjìlá ni ìyá òun nígbà tí wọ́n bí òun ni. Kí ni kéèyàn sọ?

Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo bá a fi Linux sórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú Inkscape tí wọ́n fi ń ya àwòrán àti Scribus tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ní òmìnira. Mi ò ní purọ́ fún yín, Inkscape ò mọwọ́ àwọ̀ mẹ́rin tí ìtẹ̀wé ń fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Scribus la ń gbà kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sì ni ọmọ yẹn fi ń bú mi lábẹ́lẹ̀ torí kò rí bọ́tìnnì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Rẹ́múrẹ́mú kì í dé lọ́jọ́ kan, télọ̀ gan-an máa ń wọnni léraléra. Àmọ́ ọmọ náà ò wa kíráàkì mọ́.

Mo sọ èyí tán, Kọ́múréèdì ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Ẹ gbọ́, ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ta ló ń wọ ilé ìdáná gan-an? Lọ́dún 2014 tí wọ́n rí Heartbleed, ihò tí olè lè gbà wọlé, lára OpenSSL, sọ́fítíwíà òmìnira tó ń ṣọ́ páásìwọ́ọ̀dù fún apá tó pọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà yẹn layé tó mọ̀ pé èèyàn tó ń tọ́jú ẹ̀ ò ju ìwọ̀nba lọ, tí owó táráyé ń dá fún wọn lọ́dún ò ju bíi 2,000 dọ́là. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń jẹ ọbẹ̀ náà, wọn ò béèrè ẹni tó ń fẹ́ iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń pariwo ẹrú, Wikipedia Yorùbá wà níbẹ̀, gbólóhùn mélòó lẹ ti kọ sí i? Common Voice ń wá ohùn Yorùbá kí ẹ̀rọ lè gbọ́ èdè wa, ìwọ tó o lè fi wákàtí mẹ́ta jiyàn láìmumi, o ò ka ìlà márùn-ún sí i. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux, ẹ ò wá a, ẹ ń kọ "oko" fún ọkọ àti okó, kí ẹni tó ń kà á máa méfò. Ẹ rí àṣìṣe nínú LibreOffice, ẹ bú u, ẹ pa á dé, ẹ ò kọ ìlà kan sí àwọn tó ń ṣe é. Ẹ fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà dúró, ẹ ò lè dá 500 náírà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ṣé ẹnu náà lẹ máa fi kọ́ ọ ni?

Fẹ́ńdọ̀ nìkan ló pàtẹ́wọ́, òun náà tún bi wọ́n pé ta ló fẹ́ sanwó ìwé ìròyìn nínú wọn. Wọ́n fọ́n ká. Mo ti ń lọ nígbà tí Kọ́múréèdì sáré bá mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, Scribus tẹ́ ẹ wí yẹn, ṣé ẹ ní kíráàkì ẹ̀?"