Ríákíṣọ̀n tó kọ̀ kọ́ ló ń dá máásítà dúró

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ àwọn tó ń ṣe máásítà oníwàádìí nínú kẹ́mísìrì lára: pé bí ríákíṣọ̀n rẹ ò bá ṣiṣẹ́, bí o ò bá rí ohun tuntun mú jáde, o ò lè gboyè. Àwọn tó wà ní làbù tẹ́lẹ̀ á sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun náà á sì sọ ọ́ fún ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe di òfin nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ìwé ìlànà ẹ̀ka wò.

Irọ́ ni. Ó ní ibi tó ti rú jáde, màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń dán wò. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n máa ń béèrè ìmọ̀ tuntun fún. Ti máásítà yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni pé ẹ lè ṣe ìwádìí: ẹ mọ ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe, ẹ gbé ìbéèrè tó ṣeé dáhùn kalẹ̀, ẹ yan ọ̀nà tó bá a mu, ẹ fara balẹ̀ ṣe é, ẹ sì sọ òótọ́ nípa ohun tó jáde. Kò sí èyí tó dúró lórí bóyá ohun tí ẹ ń wá wà nínú fílásíkì. Ní ti àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà, àwọn ẹ̀ka kan ń fẹ́ ẹ kí ẹ tó parí, ọ̀pọ̀ ni kò béèrè rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe nígbà tí ó bá ku oṣù méjì.

Àwọn olùdánwò náà ti gbé inú làbù rí. Wọ́n mọ ìṣirò yìí dáadáa: bí mólékù kan bá gba ìgbésẹ̀ 5, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú ìdá 80 nínú 100 jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni á dúpẹ́ fún, nǹkan bí ìdá 33 péré ló máa kù ní ìparí. Bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ 10, ó di ìdá 11. Ìyẹn ni pé kódà nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé tísíìsì wá tí gbogbo ríákíṣọ̀n inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n á jókòó tì jù.

Ẹ jẹ́ ká wo fílásíkì kan ṣoṣo. Ẹni méjì ṣe ríákíṣọ̀n kan náà nínú toluene, sọ́lífẹ́ǹtì kan (olómi tí wọ́n fi ń yọ́ nǹkan), wọ́n sè é mọ́jú ní 110 °C, kò sì sí ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kọ “kò ṣiṣẹ́” sínú ìwé, ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹni kejì ṣe TLC, àyẹ̀wò kékeré tó ń ya àwọn ohun inú àdàlù sọ́tọ̀ bí àmì lórí pátákó pẹlẹbẹ, ó rí i pé àmì ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ṣì wà, kò sí òmíràn. Ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́, ó wọ̀n ọ́n: ìdá 94 nínú 100 ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ló padà wá. Ìyẹn sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́, nǹkan kan ló kàn kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kátálíìsì, ohun tó ń mú ríákíṣọ̀n yá, ti kú ni? Ó gbé kátálíìsì kan náà sórí mólékù kékeré tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́. Kátálíìsì bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ó wá bọ́ sínú DMF, sọ́lífẹ́ǹtì mìíràn, ó gbé ìgbóná lọ sí 150 °C. Lọ́tẹ̀ yìí ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ pòórá, ṣùgbọ́n TLC rẹ̀ fà gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohun tó sì padà wá kò tó nǹkan. Mólékù náà ti fọ́.

Ní báyìí ó mọ̀ pé ní 110 °C nínú toluene kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pé ní 150 °C nínú DMF ó ń bàjẹ́, pé ẹ̀bi kì í ṣe ti kátálíìsì. Kó tún gbìyànjú àárín méjèèjì, kó fi sọ́lífẹ́ǹtì mìíràn dán an wò, kó kó gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì kan: ìgbóná, sọ́lífẹ́ǹtì, wákàtí, ohun tó padà wá, ohun tó sọnù. Orí kan nínú tísíìsì rèé, láìsí ohun tuntun kankan nínú fílásíkì. Ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ méjì ló ní.

Àwọn tó ń ṣe kẹ́mísìrì àyẹ̀wò náà ní tiwọn. Ẹ wá òjé nínú omi, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. “Kò sí òjé” kì í ṣe ìdáhùn. Ìdáhùn ni pé ó kéré sí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yín lè rí, bí ẹ bá ti ṣírò ìwọ̀n náà, tí ẹ sì ti fi òjé tí ẹ mọ iye rẹ̀ sínú omi kan náà láti fi hàn pé ẹ̀rọ á rí i bó bá wà. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún òjé nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè rí ohun tó kéré sí 50, àìrí yín kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bó bá lè rí 1, àìrí yẹn gan-an ni àbájáde, ẹ má sì tijú láti kọ ọ́.

Charles Pedersen ń ṣiṣẹ́ ní DuPont, ó ń wá mólékù tí yóò di irin kan tó ń jẹ́ vanadium mú. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ kò mọ́ tán, kẹ́míkà mìíràn, catechol, díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú ohun tó jáde ló ti rí kírísítà funfun díẹ̀, nǹkan bí ìdá 0.4 nínú 100, tí kì í ṣe ohun tó ń wá rárá. Kò dà á nù. Ó ṣàkíyèsí pé kò fẹ́ yòrò nínú methanol, àfi bí iyọ̀ sodium bá wà níbẹ̀, ó sì tẹ̀lé ìyẹn lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe rí crown ether, mólékù tó rí bí òrùka tó ń di irin bíi sodium mú sáàárín, èyí tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1967, tó sì jẹ́ kó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísìrì ní 1987. Máásítà ni oyè tó ní, láti MIT. Kò ṣe oyè ọ̀mọ̀wé. Mi ò sọ pé ìdọ̀tí inú fílásíkì yín á di Nobel o. Púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdọ̀tí ni. Ẹ kàn mọ ohun tó jẹ́ kí ẹ tó dà á nù.

Ibo ni irọ́ yìí ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn jọ́nà tó fẹ́ràn ohun tó ṣiṣẹ́, àti ọ̀dọ̀ alábòójútó tí owó ìwádìí rẹ̀ dúró lórí àpilẹ̀kọ. Bí alábòójútó bá kanjú, ó ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ rẹ̀ àti oyè yín kì í ṣe nǹkan kan náà. Òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀: kì í ṣe gbogbo ìkùnà ló ń di àbájáde. Ẹni tó fi THF (sọ́lífẹ́ǹtì kan) tó ti gba omi ṣe Grignard, ríákíṣọ̀n tí omi máa ń bà jẹ́, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, kò lè sọ pé mólékù òun ló kọ̀. Àìfarabalẹ̀ ló ní lọ́wọ́, ìbéèrè kejì olùdánwò á sì tú u síta.

Ohun tí mo kórìíra jù nínú ìgbàgbọ́ yìí ni ohun tó ń mú èèyàn ṣe. Ẹni tó rò pé ìkùnà á gba oyè lọ́wọ́ òun á bẹ̀rẹ̀ sí í wo NMR, àwòrán ṣóńṣó tó ń fi bí mólékù ṣe rí hàn, pẹ̀lú ìrètí. Àìmọye ló ti yọ̀ lórí ṣóńṣó 4.12, 2.05 àti 1.26 ppm nínú CDCl3 (sọ́lífẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń ṣe NMR), tó sì jẹ́ pé ethyl acetate, sọ́lífẹ́ǹtì tí wọ́n fi fọ nǹkan, tí kò tíì gbẹ tán ni. Ìyẹn ṣì kéré. Àwọn kan á tẹ̀ síwájú, wọ́n á pa ṣóńṣó tí wọn ò fẹ́ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ní 2013, olóòtú jọ́nà Organic Letters kọ̀wé síta pé àwọn ti rí irú àwòrán NMR bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn. Ríákíṣọ̀n tó kọ̀ kò gba oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí lè gbà á, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi fún un.

Ohun tó ń dá àwọn èèyàn dúró gan-an kò lárinrin: ìwé làbù tí kò ní déètì, ẹ̀rọ tí a ń tò fún, abala ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí wọn ò kọ títí ó fi di oṣù tó kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, títí kan èyí tó kọ̀. Kí ẹ̀yin àti alábòójútó yín sì jọ dá ọjọ́ kan: bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ náà, ẹ óò yí ìbéèrè padà, ohun tó wà nílẹ̀ á sì di orí kan. Níbi ìgbèjà, wọ́n á bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi dúró ní 150 °C, tí ẹ ò gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Tábìlì yẹn ni ẹ óò ṣí.