Àgbà Tó Bá Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àwọn baba wa ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹran inú àwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò bí wọ́n bá gbọ́ òwe yìí. Ní tèmi, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan ni mo máa ń rántí, George Washington Bush, ẹni tó kó aya àtọmọ kúrò ní Missouri lọ́dún 1844 láti lọ wá ilẹ̀ oko ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Nígbà tí òfin Oregon, níbi tí wọ́n ń lọ, kò gba aláwọ̀ dúdú láyè, òun àti àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ rìn sọdá odò Columbia, wọ́n sì tẹ̀dó sí ẹ̀bá Puget Sound lọ́dún 1845, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Washington lónìí.

Lọ́dún 1852, oúnjẹ wọ́n níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó fẹ́ kó ọkà pamọ́ gbé owó gọbọi wá fún Bush, ó kọ̀ ọ́, ó fi àlìkámà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọn kò tíì kórè. Òfin kò fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, nítorí náà kò sí ipò kankan tó ń fi ọkà náà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti du ipò lọ́dọ̀ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ wo èyí dáadáa: kí àwọn ará àdúgbò ti mọ ọwọ́ yín kí àsìkò ìrẹsì ìdìbò tó dé.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1850, èyí tó ń fún àwọn tó wá tẹ̀dó ní ilẹ̀ oko, kò ka irú Bush kún. Àwọn aṣòfin agbègbè náà ló kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1854 nítorí rẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sì fi òfin pàtó fún un ní éékà 640 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bá a ru igbá náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí pé ojúrere fún ẹnì kan ṣoṣo ni, nítorí òfin tó ń ti àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù sẹ́yìn kò yí padà, Bush fúnra rẹ̀ sì kú lọ́dún 1863 láìní ẹ̀tọ́ láti dìbò níbẹ̀.

William Owen, àkọ́bí rẹ̀, ló wá ń dáko náà lẹ́yìn ikú àwọn òbí rẹ̀. Àlìkámà rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ níbi ìpàtẹ ńlá ti Philadelphia lọ́dún 1876. Nígbà tí Washington di ìpínlẹ̀ lọ́dún 1889, àwọn ará ibẹ̀ dìbò yan ọmọ ẹni tí kò lè dìbò sí ilé aṣòfin àkọ́kọ́. Ó gbé àbádòfin ilé ẹ̀kọ́ gíga kalẹ̀, èyí tí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Pullman sílẹ̀ lọ́dún 1890. Yunifásítì ni ibẹ̀ lónìí, wọ́n sì ṣì ń tọ́ irúgbìn àlìkámà tuntun níbẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀.