Kí wọ́n kọ́lé sí Terminus, kó má jẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìkan

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ àárín ìlú Jos, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ló ń wà lẹ́nu àwọn aláṣẹ. Ní 2022, ìjọba Plateau fẹ́ gbé àtúnkọ́ ọjà Terminus, tó jóná ní 2002, fún Jaiz, báǹkì tó ń tẹ̀lé òfin Islam. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì forí ṣánpọ́n. Lójú tiwa, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: tílẹ̀ bá ṣú, ta ni yóò sùn níbẹ̀?

Kì í ṣe iná ló lé èèyàn kúrò níbẹ̀. Rògbòdìyàn September 2001 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ti 2008 àti 2010 gorí ẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sápá kan, Mùsùlùmí kó lọ sápá kejì. Àwa Yorùbá, tí oníjọ Baptist àti Alhájì ń jẹun nínú agboolé kan náà, ibo la fẹ́ kó sí? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń tajà ní Jos látayé òyìnbó awakùsà palẹ̀ ẹrù mọ́. Bọ́ǹbù May 2014, tó pa èèyàn tó lé ní 100, ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ lónìí. Ìsàlẹ̀ ń tajà. Òkè, níbi tí wọ́n ti ń kómọ jáde tẹ́lẹ̀, páálí ni wọ́n ń tò síbẹ̀. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, oníṣọ́ọ̀bù á ti ilẹ̀kùn, á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọ̀la. Àdúgbò tí ìyá kankan kì í yọjú lójú fèrèsé, ta ni yóò kígbe olè?

Toyama ní Japan, ìlú bí 400,000 èèyàn, ń fún ẹni tó bá kọ́lé tàbí ra ilé láàárín ìlú lówó ìrànwọ́. Wọ́n tún ṣí reluwé kékeré ní 2006. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kó wọ àárín ìlú ju àwọn tó ń kó jáde lọ. Ogun ìlú kọ́ ló lé tiwọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: wọn ò fi ọjà nìkan pe èèyàn padà.

Kí ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yòówù tí wọ́n bá máa tọwọ́ bọ̀ pé yàrá gbọ́dọ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù, kí omi dé ibẹ̀, kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Kí wọ́n dín owó orí ilé kù fún onílé tó bá kó páálí kúrò, tó fi ìdílé síbẹ̀. Ẹ̀yin onílé tiwa náà, ẹ yé bi ayálégbé ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.